Irun Àgùntàn Wa Tó Há sí Èbúté

Ọmọ mi, ọkọ ìyàwó wa, bàbá ọmọ tó ń bọ̀ lọ́nà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá tí kì í tán. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó wa ń rí oorun sùn? Wẹ́rẹ́ ni a ó gbọ́ ohùn ìyá, wẹ́rẹ́ ni a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó wà níwájú ilé tó ń bá rédíò jiyàn. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ mú bírò.

Ọ̀rọ̀ irun àgùntàn ni. O mọ̀ pé àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá wọn sin àgùntàn lókè òkun ṣèlérí pé òun á fi irun àgùntàn gidi ránṣẹ́ kí n fi hun súwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ rẹ. Òwú tí mo fi ń hun súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé níbí, ọ̀rá ni, ó máa ń yún ni lára, mi ò sì lè fi ọ̀rá wé ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ bí ẹni di ẹrù ọjà. Àpò ńlá kan ló kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní irun náà kò ní jáde. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́, wọ́n ní kí n mú ìwé ìlera àgùntàn wá, èyí tí dókítà ẹran fọwọ́ sí.

Mo ka ìwé náà títí, mo tún gba awò ojú bàbá rẹ kà á. Irun ni mo ń retí, wọ́n ń bi mí bóyá ara ẹni tó ni irun yá. Gbogbo irun tí mo ti ń gẹ̀ láti kékeré, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni, mo ní kò burú.

Níbo ni n óò ti rí àgùntàn òkè òkun? Mo wá rò ó pé bí dókítà bá fẹ́ mọ àìsàn tó wà lára èèyàn, ìlera ẹbí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo bá yá àgbò bàbá káfíńtà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, kó lọ dúró fún ìbátan rẹ̀. Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹnu dé ìrù, ó ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ìwé ṣe, mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Fọ́ọ̀mù náà tún ní àyè fún fọ́tò. Mi ò ro ara mi síbẹ̀, torí èmi kọ́ ni wọ́n ń béèrè ìlera rẹ̀. Mo fa àgbò lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò ní etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, kò sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Àgbò ò rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ aṣọ funfun tí wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá káfíńtà gba ẹyọ kan nínú fọ́tò náà, ó ti gbé e kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbéyàwó rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dé èbúté, ọ̀gá kan pè mí lórí fóònù. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní màmá, ta ló wà nínú fọ́tò yìí? Mo ní ìbátan ni. Ó ní kí n tún un sọ, mo rò pé fóònù rẹ̀ ni kò gbọ́ dáadáa. Ó wá ṣàlàyé pé dókítà ti ọ̀hún ló gbọ́dọ̀ yẹ àgùntàn tí wọ́n gẹ̀ gan-an wò, torí àìsàn ẹran lè fara pamọ́ sínú irun kó wọ̀lú, kó sì run ẹran ilé. Mo ro ti àgbò bàbá káfíńtà, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ó ní kí àbúrò mi wá ìwé náà lọ́hùn-ún, àwọn ti sé irun náà mọ́ yàrá kan ná. Mo ní ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣí fèrèsé fún un? Ó ní kí n ṣe sùúrù.

Èyí tó sọ kẹ́yìn ló dùn mí jù. Ó ní kí ẹrù tó kúrò nílé ló yẹ ká ti gba ìwé àṣẹ ìwọlé, pé ẹrù tó bá dé ẹnu ọ̀nà láìgbàṣẹ, wọ́n lè dá a padà síbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí mo ti gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ obìnrin pé ìyá ìyàwó wa ti dé ọ̀dọ̀ yín, pé ẹ ti tẹ́ ibùsùn fún un. Nígbà tí èmi béèrè bóyá kí n máa bọ̀, o ní ilé ò gbèèyàn. Mi ò bá ìyá ìyàwó wa jà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ lè hun ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí wọn ò jẹ́ kó wọ ọjà ńkọ́? Ó dùn mí, ọmọ mi. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ bá ké.

Nítorí náà mo ti kọ́gbọ́n. Mi ò ní kúrò nílé láìgbàṣẹ, lẹ́tà yìí ni fọ́ọ̀mù mi. Ẹrù tó ń bọ̀ ni ìyá kan. Ibi tó ti ń bọ̀ ni ilé tí wọ́n bí ọ sí. Ní ti ìlera, orúnkún ọ̀tún máa ń dún, ìyókù pé. Bí ẹ bá fẹ́ sé mi mọ́ ibì kan fún àyẹ̀wò, igun ilé ìdáná yín tó mi. Mo ti fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìwọ àti ìyàwó wa fọwọ́ sí i.

Fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ sí mi, àlọ nìkan, ti àbọ̀ ò tíì yá. Má fi sí báńkì, wọ́n ń gba owó ìtọ́jú lórí owó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i kí wọ́n fún un lóúnjẹ rí.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Yóò dàgbà, yóò kọ́lé. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá darúgbó, tí o kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ilé á gbà ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.