Píálì Sàmíát

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà, 2025

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Alhaja Maimunat wọlé. Àwọn ni wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà, tí mo ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́. Wọn kì í jókòó sọ́dọ̀ wa. Lónìí wọ́n jókòó. Wọ́n tú áńkáṣífì: píálì kan ṣoṣo, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, pẹ̀lú ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba inú ihò rẹ̀. Ṣéènì ti já, píálì ti pọ́n rúsúrúsú.

Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló rà á ní Jédà, lọ́dún tí wọ́n bí Sàmíát, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Oṣù kẹfà ni wọ́n bí i, píálì sì ni òkúta oṣù kẹfà. Ní báyìí oyún Sàmíát fúnra rẹ̀ ti pé. Wọ́n fẹ́ kó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ.

"Ìyá Moṣọpẹ́, òun nìkan ló kù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi kì í kọjá ọjọ́ tí mo bá dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Òkòkómaikò, lọ́dọ̀ Àjàgbé alágbẹ̀dẹ wúrà. Nínú ìwé yìí, Ìgbín lorúkọ rẹ̀. Ó gbé píálì sí oòrùn, ó wò ó. Ó gbé e sí ibòji, ó tún wò ó. Ó ní ọjọ́ kan ti tó fún ṣéènì. Píálì ní tirẹ̀ — ọjọ́ mẹ́wàá. Aṣọ rírọ̀, omi díẹ̀, kó sinmi, kí òun tún nù ún.

Mo bi í bóyá ó fẹ́ tọ́ ọ dàgbà ni. Kò rẹ́rìn-ín. "Mádáàmù, èyí kì í ṣe òkúta. Ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ló ṣe é, ó ń bò ó ní awọ lé awọ." Ó ní òógùn ń bà á jẹ́, lọ́fínńdà ń bà á jẹ́. Tí èèyàn bá ń múra, òun ló ń wọ̀ kẹ́yìn. Tó bá dé, òun ló ń kọ́kọ́ bọ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀. Àwọn òkúta oṣù ìbí tí mo ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, dígí aláwọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Omi ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ wọ́n, ó parí. Mo fún un ní ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Sàmíát bí obìnrin. Ìsọmọlórúkọ di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Mo pe Ìgbín lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó gbé e. Ẹran ló ń kun lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù di Ọjọ́rú, ó ní. Píálì ńkọ́? "Ó ń sinmi." Píálì ń sinmi, Àjàgbé ń sinmi, èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Ọ̀jọ́. Àgbò tirẹ̀, kò fi ọjọ́ mẹ́wàá rà á ní Alaba Rago.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹfà

Mo lọ ká a mọ́lé. Ó ti jó ṣéènì pọ̀. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tí mo fẹ́ fi píálì ṣe. Mo ní èmi náà lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ di ẹran fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ìyá mi fi ń fọ òrùka, ẹ̀gbà, abọ́ idẹ, ohun gbogbo. Kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì mo fún mẹ́ta sínú ife, mo ju píálì sí i. Ó ń yọ ìfófòó. Mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde.

Mo dé. Awọ rẹ̀ ti bó. Ó funfun bí ẹfun, kò dán mọ́ rárá. Mo nù ún. Mo fi òróró pa á. Ẹfun náà ni.

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Àjàgbé ṣí ṣọ́ọ̀bù nítorí mi. (Mi ò lè pè é ní Ìgbín lónìí.) Òórùn ọsàn ló kọ́kọ́ gbọ́. Kò pariwo. Ó ní ohun tó ń mú idẹ dán gan-an ló ń jẹ píálì, ó sì ń jẹ iyùn. Kò ṣeé tún ṣe.

Mo ní màá wá òmíràn tó jọ ọ́. Ó ní òun á bá mi sín in, ṣùgbọ́n kí ni màá sọ fún ìyá yẹn? Mo ní ìyẹn ò kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

Mo rí i. Bákan náà ni wọ́n tóbi tó, tuntun tún dán jù. Àjàgbé sín in sórí ṣéènì. Kò wojú mi.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo gbé e lọ fún Alhaja. Ilé kún, wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Wọ́n gba ṣéènì, wọ́n fi píálì ha eyín iwájú wọn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n dì í sínú áńkáṣífì. "O ṣé, Ìyá Moṣọpẹ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi lóúnjẹ.

Lójú ọ̀nà mo pe Àjàgbé: kí ni ti eyín? Ó ní píálì gidi máa ń ha eyín bí iyanrìn wẹ́wẹ́. Dígí á kàn máa yọ̀ ni. Mo kánjú ra dígí. Èmi tí mò ń tà á.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Mo ti débẹ̀ kí àwọn àáfà tó dé. Mo kúnlẹ̀, mo gbé èyí tó bàjẹ́ síwájú Alhaja. Mo sọ ti ọsàn, mo sọ ti dígí. Mi ò wá àwáwí.

Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti àná. Èmi làwọn ń dúró dè. Wọ́n gbé píálì sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ìka pa á lórí.

"Ó ti ṣá. Èmi náà ti ṣá. Ṣé o máa wá ẹlòmíì fi rọ́pò mi ni?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní Sàmíát ló ni ín, kì í ṣe àwọn. Kí n wọlé lọ sọ fún un fúnra mi.

Mo sọ ọ́. Sàmíát wo píálì títí, omijé gba ojú rẹ̀. Ó ní bàbá òun máa ń gbé e súnmọ́ òun ní kékeré, kí òun wo ojú ara òun nínú rẹ̀. Kò ní òun dárí jì mí. Ó yọ dígí kúrò lórí ṣéènì, ó gbé e sórí ibùsùn.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbé ọmọ."

Mo gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ṣéènì bọ inú ihò píálì tó ti ṣá. Kò tètè wọlé. Wọ́n ti ń pè wá níta.

Mo gbé ọmọ dání. Mo dúró.