Ẹran Iléyá Inú Fíríìsà

Abdulfatai ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Àgbàdo wa níbí l'Ọ́sì ti yọ irùkẹ̀rẹ̀.

Ojú ń tì mí láti sọ èyí. Gbogbo nǹkan inú ilé tí o kọ́ fún wa, iná mànàmáná ló ń lò: ẹ̀rọ ìdáná, ẹ̀rọ omi, títí dé fíríìsà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fowó kún owó iná, káàdì iná tí ò ń rà kì í gbé wa dé ìparí oṣù mọ́. N kò sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ará àdúgbò kó ẹran wọn wá sínú fíríìsà wa bí ìṣe wọn. Káàdì tán lọ́jọ́ kejì. Mo ní wọ́n mú iná lọ ni, bẹ́ẹ̀ iná ń tàn nílé Ìyá Keziah ní òdìkejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, gbogbo ẹran ti rà. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyá Keziah kàn ní, “Ìyá Fatai, ẹ̀ bá sọ fún wa, à bá yan án.”

Má fowó kún owó káàdì, ọmọ mi. Jẹ́ kí n mọ ààrò sẹ́yìn ilé, bí èéfín tilẹ̀ máa ba ọ̀dà ògiri rẹ jẹ́.

Allah á máa ṣọ́ yín. Bá mi tọrọ ìgboyà pẹ̀lú: títí di òní, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sí mọ́sálásí.

Èmi ìyá rẹ,
Hussainat