Ìbéèrè Kejì

Kàtíẹ̀ Banikanni,
Parakou.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì, 1979.

Olúbùnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn tó máa ń ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀? Ṣé ara wọn le? Gbogbo ará Pobè ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí pọ̀ jù. Láàárọ̀, n kì í rí òdìkejì títì. Àwọn èèyàn á kàn máa yọ jáde nínú kùrukùru bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lọ́wọ́: ẹrù orí wọn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ojú, ẹsẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ọkọ̀ ojú irin dé. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe ìyá kíláàsì nínú ìjọ yín, pé kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, torí èmi ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. O tún wá kọ ọ́ pé lójú tìrẹ, oyè lásán ni. Ká ní oṣù tó kọjá lo béèrè ni, ǹ bá ní òótọ́ lo sọ. Jókòó, kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ.

Ìjọ tiwa níbí, wọ́n pín wa sí kíláàsì mẹ́fà, olórí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Fádípẹ̀, katikíìsì wa, á ṣí kàyé ńlá kan, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ wa sí, á máa pe àwa olórí níkọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi wá. Àkọ́kọ́, ta ni kò sí? Èkejì, níbo ló wà? Láyé ijọ́un, èkejì yẹn ló le. O ò lè ní o ò mọ̀. O gbọ́dọ̀ lè sọ pé ó lọ sìnkú ní Ṣábẹ̀, tàbí pé ibà ń ṣe é, a sì ti lọ wò ó lánàá. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó mú fìlà rẹ̀, tó sáré jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, kó lè rí èsì mú wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ìyípadà yìí dé, tí wọ́n ń pe ìpàdé kàtíẹ̀ fún gbogbo àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí kálukú ń bẹ̀rù kí délégé ìjọba má kọ orúkọ òun sílẹ̀, àwọn tí kò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju àwọn tó wá lọ. Èsì kan ṣoṣo ló wá kù. Níbo ló wà? Ó wà ní ìpàdé. Gbogbo wa là ń sọ ọ́. Ẹni tó ń sùn, ó wà ní ìpàdé. Ẹni tó lọ ta iṣu, ó wà ní ìpàdé. Katikíìsì á kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì kọrin. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí lẹ́tà yìí lọ́nà, mo kí i o. Kì í ṣe ìjọba ni mò ń bú. Àwa tí à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wà ní ìsọ̀ mi ní ọjà Arzèkè. Oòrùn ọ̀sán ti ká ọyẹ́ kúrò, ọjà dákẹ́, ìdì aṣọ tí mo fara tì gbóná bí ara èèyàn. Oorun gbé mi lọ. Mo lá àlá pé mo dúró níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń parí ìrìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà wọlé nínú ọyẹ́, kò pariwo rárá, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ aṣọ nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n funfun bí ìyẹ̀fun. Ẹni kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ mi, á ní wọ́n ní kí òun wá bá mi. Mò ń gbà wọ́n, inú mi sì ń dùn. Ọwọ́ kan wá kàn mí tó tutù, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé ìwé orin. Mo fẹ́ wo ojú ẹni tó ni ín, n kò rí ojú. Ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn mi wá béèrè pé, níbo ló wà? Ohùn náà kò le. Bí bàbá mi ṣe máa ń béèrè àbúrò mi tí a bá ti oko dé ló rí. Mo ní ó wà ní ìpàdé. Gbogbo ọwọ́ tó wà lọ́wọ́ mi bá di ọyẹ́.

Tàíbátù ló jí mi. Ọmọ Ìlọrin ni, mùsùlùmí, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, Ladjifarani ló ń gbé. Ó gbá mi lẹ́sẹ̀.

"Ìyá Ìjọ, ta lò ń bá jà lójú oorun? Ìpàdé wo?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

"N ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ọ́. Kí ni ìyá arúgbó yẹn ṣe fún yín?"

"Ìyá wo?"

"Màmá Ọmọ́ládé, ẹlẹ́sìn yín. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ ṣe Kérésì ni wọ́n ṣubú lẹ́bàá kànga. Wọn ò lè dìde dúró mọ́. Èmi àti àwọn ìyàwó ilé wa là ń gbé kòkó fún wọn, àwa là ń wẹ̀ wọ́n. Mo ní kí n wá pè yín, wọ́n ní rárá, pé àwọn ará àwọn ń bọ̀. Ọjọ́ wo ni bíbọ̀ yín máa ń dé? Àbí Jésù yín kì í wọ Ladjifarani?"

Màmá Ọmọ́ládé yìí, opó ni, ẹ̀pà ló máa ń sun tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ́ládé tí a fi ń pè wọ́n, kékeré ló ti kú, kò sí òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa kọrin lẹ́yìn gbogbo wa, bí ẹni pé ohùn wọn ṣì ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé kíláàsì Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n wà, Fúnmiláyọ̀ sì ti bá ọkọ rẹ̀ tí ìjọba gbé níṣẹ́ lọ sí Natitingou láti oṣù Kẹwàá. Inú bí mi dé orí. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún ọ: n kò lọ sí Ladjifarani lọ́jọ́ yẹn. Ìbínú yẹn ni mo gbé pọ̀n fún ọjọ́ márùn-ún, mò ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ kí wọ́n pe kíláàsì kankan tí mo fi dìde.

"Bàbá, ẹ wo kàyé yín. Níbo ni Màmá Ọmọ́ládé wà?"

Bàbá Fádípẹ̀ wò ó. "Wọ́n ní ó wà ní ìpàdé."

"Ìpàdé? Ẹni àádọ́rin ọdún? Ìpàdé ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Ọ̀sẹ̀ méje."

Mo yíjú sí àwọn àgbà ìjọ. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ wọ kóòtù yìí, mùsùlùmí ló ń bá yín wẹ ìyá yín. Mo ní ẹ̀ ń gba ara Olúwa lórí tìmùtìmù, ẹ sì fi ẹni tó ni ín sílẹ̀ lórí ẹní. Mo ní olórí tó dáhùn fún un, kó dìde ká rí ojú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá Fádípẹ̀ yọ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún. Wọn kò bínú.

"Adéfúnkẹ́, ṣí ìwé orin rẹ."

"Torí kí ni, Bàbá?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi páálí."

Mo ṣí i. Bébà kan tí wọ́n ká sí méjì já bọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Lọ́jọ́ tí Fúnmiláyọ̀ dágbére, wọ́n pín àwọn èèyàn rẹ̀ fún àwa tó kù. Bàbá Fádípẹ̀ pè mí síwájú, wọ́n fi bébà yẹn sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn mẹ́rin yìí rèé, mo fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́ níwájú Ọlọ́run. Mo ṣe Àmín. O mọ Àmín mi, ó máa ń ga ju ti gbogbo èèyàn lọ. Orin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo bá ti bébà náà bọ ẹ̀yìn ìwé. Àwọn mẹ́ta mọ ọ̀nà wá fúnra wọn. Ẹnì kẹrin ni Màmá. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ń bi mí pé àwọn tuntun ńkọ́, ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ẹnu mi yìí sọ pé ìpàdé ni.

O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níwèé. Ìwé orin yẹn ni mo fi kọ́ ara mi, lórí ìdì aṣọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí mo fi lè ka gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, àfi bébà kan.

N kò dúró de ìsìn. Mo jáde sínú ọyẹ́, mo forí lé Ladjifarani. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìpàdé ń sọ̀rọ̀ níbì kan, n kò rí ibi tó wà, ó dà bí ẹni pé kùrukùru fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mò ń rìn, ẹsẹ̀ mi kò dà bíi pé ó kan ilẹ̀. Mò ń ro ìbéèrè tí Ọlọ́run bi ẹni tó pa àbúrò rẹ̀ nínú oko. Ìbéèrè Bàbá Fádípẹ̀ náà ni. Èsì ọkùnrin yẹn tiẹ̀ sàn ju tèmi lọ. Òun kò ní ó wà ní ìpàdé.

Màmá mọ ìró ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó rí mi. "Aláriwo, o ti dé."

Mo kúnlẹ̀ ti ẹní wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú wọn.

"O ò parọ́. Ẹ̀yìn fèrèsé mi ni ẹ̀rọ wọn wà. N ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀húzù dàńdàn." Wọ́n gbé ìkúùkù wọn kékeré sókè bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń kígbe Ìyípadà yẹn. Wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá yí, mo máa ń gbọ́ tiyín. Mo máa ń gbọ́ Àmín rẹ."

Olúbùnmi, mo mú ọwọ́ wọn. Ó tutù, ó fẹ́lẹ́ bí ewé ìwé orin. Mo dì í mú, kò di ọyẹ́.

Tàíbátù ló lọ wá kẹ̀kẹ́ àwọn aláàárù ọjà wá, a tẹ́ ìdì aṣọ méjì sínú rẹ̀, a sì gbé Màmá lé e, ó di Banikanni. Tàíbátù ń pariwo lójú ọ̀nà pé ẹ rọra, kì í ṣe iṣu. Kámáráàdì Sàrúmì, délégé wa, dá wa dúró, ó ní níbo ni ìyá yìí ti ń bọ̀. Tàíbátù ní, "Ìpàdé ni." Ó wò wá, ó wo Màmá, ó sì bá wa gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọjá kòtò.

Àwọn dókítà ní Màmá ò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọn á kàn lè jókòó. Yàrá tí mò ń kó aṣọ sí ni wọ́n wà. Má rò pé áńgẹ́lì ni mo gbà sílé o. Iyọ̀ ọbẹ̀ mi kò tẹ́ wọn lọ́rùn rí, ìdájí ni wọ́n sì ti ń kọrin.

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Fádípẹ̀ pè mí.

"Ta ni kò sí?"

"Màmá Ọmọ́ládé."

"Níbo ló wà?"

Mo ní, "Wọ́n wà nílé mi. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn. Wọ́n mu kòkó láàárọ̀, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ kò tó. Tàíbátù wà lọ́dọ̀ wọn títí n ó fi dé."

Bàbá Fádípẹ̀ ń kọ ọ́, wọ́n ń kọ ọ́, ìlà kàyé kò gbà á. Wọ́n wá pe olórí tó tẹ̀ lé mi, wọ́n bi í ní ìbéèrè kejì. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Gbogbo wa jókòó dè é, kò sẹ́ni tó kọrin.

Iṣẹ́ náà nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Kí wọ́n tó mú Olúwa wa lọ, ó jíyìn àwọn tí wọ́n fún un fún Baba rẹ̀. Kò ní wọ́n wà níbì kan. Ó ní wọ́n wà lọ́wọ́ òun. Ìwọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti fún ọ ní bébà? Ibo lo fi sí? N kò fẹ̀sùn kàn ọ́ o. Rárá, mò ń fi kàn ọ́. Dìde báyìí, kó o lọ ṣí ìwé orin rẹ wò.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kó o sì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ fún mi. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní kó o máa kọrin sókè, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn fèrèsé.

Èmi ni tìrẹ, tí n ó máa béèrè ibi tí o wà,

Adéfúnkẹ́ Àyànbọ̀dé.