Ẹ̀sùn Lórí Ìwé Ìwádìí Tí Olùdánwò Kò Ṣí

Yàrá Kẹfà,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà,
Ọ̀nà Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Gíga,
Ilé Ìṣàkóso, Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Alága wa,

BÍ WỌ́N ṢE NÍ MO FÌDÍ RẸMI NÍNÚ ÌDÁNWÒ ỌMỌ̀WÉ LÁÌKA ÌWÉ MI

1. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi àwòrán mọ ìwà ẹgbẹ́ kékeré tó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "group") nínú ìmọ̀ ìṣirò, irú èyí tí kì í yí padà, ibi yòówù kí a ti wò ó nínú ẹgbẹ́ náà. Mo ya igi tí ẹ̀ka rẹ̀ kò lópin. Ẹgbẹ́ ńlá ń yí igi yìí láìfi ẹ̀ka kankan sílẹ̀. Mo fi hàn pé ẹgbẹ́ kékeré náà, bó ti wù kó kéré mọ, tó bá ti lè mi igi náà pẹ́nrẹ́n, kò sí ẹ̀ka tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó.

2. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, olùdánwò tí ẹ pè láti ìta gbé ìwé mi sókè níwájú ìgbìmọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lo ti fẹ́ gba oyè ni?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dé ibi pátákó kí n ṣàlàyé. Ó ní kò sí àyè. Alábòójútó mi, tó ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì máa ń pè mí ní àbúrò, ń wo bàtà ara rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá, wọ́n ti parí ẹjọ́ mi.

3. Nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ dá ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ olùdánwò padà fún mi, láti ojú ewé kọkànlélógójì dé ìkẹyìn ṣì lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n ṣe ti ibi ìdìwé wá. Ọ̀bẹ ni mo fi là á. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni olùdánwò kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Àwòrán pọ̀ jù, ẹ̀rí dà?" Ẹ̀yin Alága wa, ojú ewé kẹtàlélógójì ni ẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀.

4. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi í pamọ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀, ló ń wẹ ọmọ, tó ń dáná, kí n lè jókòó ti iṣẹ́ yìí. Ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n rí tó kù díẹ̀ káàtó?" Mo ní wọn kò wo nǹkan kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá ńkọ́?

5. Mo bẹ yín, ẹ fagi lé èsì náà. Ẹ yan olùdánwò mìíràn, ẹ fún mi ní pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti wákàtí kan. Bí iṣẹ́ mi bá wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, màá kó ẹrù mi láìjanpata. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá mi padà sílé gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́ka sí ìlà tí mo ti ṣìnà fún mi.

Ẹ ṣeun. Mo ń retí èsì yín lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìbínú,
Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọmọ̀wé,
Ẹ̀ka Ìṣirò.