Bàbá Olùkọ́ Akínwándé àti Ẹ̀bù Ọdún 1963

Ọmọ bíbí Ìrókò ní agbègbè Akínyẹlé ni Olóògbé Jacob Ọlájídé Akínwándé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Olùkọ́. Ọdún 1904 ni wọ́n bí wọn. Ìyàndá, àgbẹ̀ oníṣu pàtàkì, ni baba wọn. Àjíkẹ́ ni ìyá tó gbé wọn pọ̀n.

Ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n lọ kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1934, wọ́n fẹ́ Dorothy Ọmọ́wùnmí, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn. Wọ́n kọ́ni ní Akanran àti Alakia títí di ọdún 1959 tí wọ́n fẹ̀yìntì sídìí oko. Wọn kì í tètè sọ ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní kó wá a fúnra rẹ̀, wọ́n á sì máa jẹ obì wọn lọ.

Ní ọdún 1963, Múyì, àbíkẹ́yìn wọn, ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà ìsinmi Àjíǹde, ó bẹ Bàbá pé kí wọ́n fi iṣu gbíngbìn ọdún náà lé òun lọ́wọ́, Bàbá sì gbà. Bí a bá gé ẹ̀bù, eérú là ń fi pa ojú rẹ̀, a ó sì tẹ́ ẹ síbi ibòji kí ojú náà gbẹ. Ṣùgbọ́n ìsinmi ń parí lọ, Múyì sì ń kánjú. Ó gé ẹ̀bù láàárọ̀, ó gbìn ín lọ́sàn-án sínú ebè tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Bàbá rí i, wọ́n ń jẹ obì wọn lọ.

Nígbà tó padà wá ní oṣù Kẹfà, ebè pọ̀, ewé iṣu ò sí. Bàbá ní kó fọwọ́ tú ebè kan wò. Ohun tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tó ń rùn, ló bá níbẹ̀. Bàbá wá jẹ́wọ́ pé àwọn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé yóò jẹrà. Inú bí Múyì, ó gba Ìbàdàn lọ, kò sì wálé mọ́ títí Kérésì fi kọjá. Màmá bá Bàbá jà gidi. Gàrí ni gbogbo ilé jẹ lọ́dún náà, ilé oníṣu o. Bàbá tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan, nírọ̀lẹ́ Sátidé wọn a wọ aṣọ dáadáa, wọn a lọ jókòó síbi tí lọ́rì ti ń já èrò sílẹ̀, wọn a ní atẹ́gùn ni àwọn ń gbà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, olùkọ́ kan ní yunifásítì béèrè ohun tí í mú ẹ̀bù jẹrà. Àwọn yòókù ka ohun tó wà nínú ìwé. Múyì nìkan ló lè sọ bó ti ń rùn, bó ti ń yọ̀ lọ́wọ́, àti ohun tí ìdílé fi jìyà rẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún 1964, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní, "Dìde, Múyì. Ebi iṣu yẹn pa èmi náà."

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Bàbá a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀ kó ṣe é bó ti fẹ́, kó sì jẹ ohun tó bá so. Màmá a kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀bù tòun yóò ríjà. Bàbá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú jọ la ọ̀nà oko dé títì.

Lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n di ọwọ́ Múyì mú, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀bù á jẹrà. Mi ò mọ̀ pé ìwọ náà lè lọ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti lanu kìlọ̀ fún ọ." Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, ọdún 1968.

Wọ́n fi Màmá Dorothy sáyé lọ, pẹ̀lú Títílọpẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Ọláníran tó jẹ́ akọ̀wé, Múyì tó ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Akanran, àti ọmọ-ọmọ méje.

Bàbá Olùkọ́, gbogbo wa ti délé. Ẹ sùn, kí oorun náà tù yín lára.