Èmi Nìkan Ni Aláìsàn Nínú Wọ́ọ̀dù Náà

Ilé Dhondiba, Ẹ̀yìn Kànga Ńlá,
Abúlé Borkhind,
Àgbègbè Satara.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, 2019.

Bhiku, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí ó máa ń dà á láàmú nígbà òjò ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ-ọmọ rẹ tí ẹ gbé wá hàn wá nígbà ọdún àtùpà, ṣé ó ti ń rìn? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé Mumbai ṣì ń jẹ́ kí o sùn? Kí Khandoba tí a jọ ń sìn má ṣe gbójú kúrò lára yín.

Ní ti àwa, a dúpẹ́. Ọkà bàbà yọ ọmọ dáadáa lọ́dún yìí, ẹyẹ ni kò jẹ́ ká sinmi. Màlúù pupa bí akọ. Hausabai ìyàwó mi ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀. Rangnath tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ṣúgà sí i.

Ọ̀rọ̀ Sudhakar ni. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí òun tó pè ọ́ lórí fóònù, nítorí o mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ dùn. Ìwọ ni o gbé e lé èjìká lọ́jọ́ tí a sun òkú Maruti àbúrò mi, kí ó má baà rí iná tó ń jó bàbá rẹ̀. O wí lọ́jọ́ náà pé ọmọ náà kò ní mọ̀ pé òun kò ní bàbá níwọ̀n ìgbà tí Dhondiba bá wà láyé. Mo di ọ̀rọ̀ rẹ mú. Akọ màlúù tí mo fi ń túlẹ̀ ni mo tà kí ó lè lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ewé àti egbò àti òróró. Ó kọ́ ọ, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lójú ọ̀nà ilé iṣẹ́ ṣúgà. Òun náà ni olórí wọ́ọ̀dù wọn. Bí àwọn èèyàn bá ti kí mi ní "Bàbá Dókítà", n kì í mọ ibi tí n óò wò.

O mọ̀ mí, o mọ orúnkún mi. Láti ìgbà tí a ti gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi sínú oko ìrèké ni ó ti ń dùn mí. Gbogbo ilé sọ ọ́ títí, mo ní n kò lọ sí ọsibítù kankan. Orí ẹní rẹ̀ ni bàbá mi kú sí, nínú àgbàlá ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún Sankranti tí a ṣe lóṣù Kíní, Sudhakar wá. Ó mú yànmọ̀tí tí a fi ṣúgà ìrèké pò wá, ó sì wí fún mi bí a ṣe máa ń wí, pé kí n gbà á, kí n máa sọ̀rọ̀ dídùn. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó jókòó sílẹ̀, ó di orúnkún mi mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé mo ń ṣàìsàn.

"Ẹsẹ̀ yín ló sọ ọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí."

Mo rẹ́rìn-ín, Bhiku. Ta ló lè mú mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ Maruti? Ó ṣàlàyé fún mi bí ìwòsàn náà ti rí. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, n óò mu bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n fi egbò sè. Wọn óò máa pọ̀ ọ́n sí i lójoojúmọ́ títí yóò fi wọ gbogbo ara. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn óò fi òróró pa mí, wọn óò fi ooru omi gbígbóná mú mi làágùn, wọn óò wá fún mi ní oògùn tí yóò fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Omi ìrẹsì ló kàn, kí n tó máa padà sídìí oúnjẹ gidi díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹni tí yóò bá dá a dúró lágbedeméjì, ó sàn kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Di ọ̀rọ̀ yẹn mú fún mi.

Mo gbà. Ìyàwó mi di aṣọ mi, a lọ.

Wọ́ọ̀dù náà kún. Gajaba onígbàjámọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni, Bàbá," ó sì fi ọwọ́ di inú mú. Mo rò pé ìrora náà ló ṣí nípò. Èmi nìkan ni wọ́n ń fi abọ́ bàbà gbé bọ́tà fún ní òwúrọ̀. Tíì ni àwọn yòókù ń mu, wọ́n sì ń jẹ àkàrà alálùbọ́sà. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní àìsàn tiwọn kò tíì le tó èyí tí wọ́n ń fún ní bọ́tà. Bí mo ṣe ń gbé e mì, tí ọ̀fun mi ń kọ̀ ọ́, Sudhakar a dúró tì mí, a máa fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè jẹ́ kó hàn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba máa wá wo kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Lọ́rì kan já ewé oògùn oríṣiríṣi sílẹ̀, tòun ti ìkòkò tí wọ́n gbìn wọ́n sí. Wọ́n ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń ri ìkòkò mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ bo etí rẹ̀. Mo pariwo sí wọn láti òkè pé, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ta ló ń gbin nǹkan nínú oòrùn báyìí? Ẹ yọ ìkòkò kúrò kí egbò lè rí ilẹ̀!" Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, kò ní pẹ́ níbẹ̀." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, Bhiku.

Mo mọ̀ pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀. Rangnath ti kà á fún mi rí pé òfin wà: bí wọn kò bá rí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì tó bó ṣe yẹ, tí wọn kò rí ọgbà ewé àti olùkọ́, wọn kò ní jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dún náà. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin nǹkan kì í sá fún ẹni tó fẹ́ wo oko rẹ̀.

Wọ́n dé, obìnrin kan ni olórí wọn, Hindi ló ń sọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Gajaba, ó bi í níbi tó ń dùn ún. Gajaba ní ẹ̀yìn. Obìnrin náà tẹ apá ọ̀tún, Gajaba kérora. Ó tẹ apá òsì, ó kérora. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò pátápátá, Gajaba ṣì tún kérora. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó sọ nǹkan sí àwọn tó bá a wá létí. Mo rí i pé Sudhakar ń fà sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ó ń ṣojo bí ọmọ tí wọ́n pè síwájú ní iléèwé.

Ó wá kàn mí. Ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń fún mi. Hindi mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀, bọ́tà, egbò, bí ó ṣe ń pọ̀ sí i. Mo yọ ahọ́n fún un. Ó súnmọ́ mi, ó gbọ́ òórùn bọ́tà náà lẹ́nu mi. Ó wá bi mí bóyá báyìí ni wọ́n ń tọ́jú àwọn tó kù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa ni, kálukú bí àìsàn rẹ̀ ṣe le sí. Ó wò mí bí ẹni tí kò tíì gbà. Inú bí mi. Nígbà wo ni ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi Dhondiba báyẹn? Mo ní kí Sudhakar wá. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí kí n búra, bí a ti ń ṣe tí kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi kò tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹrí ba kí ó lè tó o.

Ó tẹrí ba, Bhiku. Mo fi orí ọmọ Maruti búra pé òótọ́ ni mo sọ. O mọ̀ pé ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ búra èké kì í pẹ́ láyé. Òun náà mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà rọ̀. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ kí mi, wọ́n sì lọ. Eruku ọkọ̀ wọn kò tíì wálẹ̀ tí gbogbo aláìsàn fi dìde. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́rì náà ti padà wá kó ìkòkò ewé rẹ̀. Gajaba ń wọ bàtà.

"Bàbá, ẹ dìde, eré ti parí. Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ mà mọ eré ṣe o! Nígbà tí ẹ búra yẹn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Eré wo?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lọ, Bàbá, ẹ lè fi í sílẹ̀."

"Gajaba, mo ní eré wo?"

Ó wò mí lójú, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé bàtà kejì dání, ó jáde láìwọ̀ ọ́.

N kò dìde. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí wọ́n ti fa aṣọ kúrò lábẹ́ mi, ni mo wà títí Sudhakar fi dé. Ó ní wọ́n fẹ́ ti wọ́ọ̀dù, kí a máa lọ sílé, ìyókù ìwòsàn á di ìgbà mìíràn. Mo bi í pé níbo ni ìyókù náà wà tí kì í ṣe inú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé òfin náà ti le jù, pé ọsibítù ńlá ìlú ni aláìsàn ń lọ, pé bí wọ́n bá tì wọ́n pa, ibo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà, ibo ni òun yóò gbà.

"N kò bi ọ́ nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì," mo ní. "Bọ́tà tí o dà sí mi nínú ni mò ń bi ọ́."

Ó wá ní, "Bàbá, a nílò ẹnì kan tí kò ní purọ́. Bí mo bá ti sọ fún yín, ẹ kò ní wá."

Òótọ́ nìyẹn. Òun nìkan ni òótọ́ tó sọ fún mi látìgbà yànmọ̀tí.

Mo délé, mo ròyìn fún Hausabai. Kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀. Ó ní ọmọ náà bẹ òun, ó ní ṣebí orúnkún ń dùn mí lóòótọ́, kí ló burú níbẹ̀. "Àbí ta ló ní kí o búra?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹun lẹ́yìn ilé. Oúnjẹ ọ̀hún gan-an kò lọ. Bọ́tà náà dúró sí mi nínú bí ẹrẹ̀ inú ìṣàn omi tí kò rí ibi ṣàn sí. Òórùn ọkà bàbà ń rí mi lára. Orúnkún mi wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi máa ń wí pé ilẹ̀ tí o tú tí o kò gbìn, igbó tó bá hù níbẹ̀ ju igbó àkọ́kọ́ lọ.

Mo mú abọ́ bàbà náà bọ̀ wá sílé. Ní òwúrọ̀ kùtù gbogbo, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń gbé e sórí ògiri kékeré ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ yóò ti rí i. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Sudhakar wá. Mo rí i tó dúró níwájú abọ́ náà. Mo ní ọmọ mi ti rántí. Ó gbé abọ́ náà, ó tú ìpápánu oníwàrà tó rà sínú rẹ̀, ó gbé e wá fún mi. Àwọn olùbẹ̀wò ti fọwọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Ó ní obìnrin náà sọ pé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà ẹ̀bá fèrèsé ló mú ọkàn òun balẹ̀.

Ó tún ní ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ lóṣù Kẹta. Àwọn olùdánwò àjèjì yóò wá láti òkèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò yẹ aláìsàn wò lójú wọn, àwọn náà yóò sì bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọni lọ́kàn.

Mo ní n óò wá.

Inú rẹ̀ dùn, kò bi mí ní ìdí tí mo fi gbà. Ó wólẹ̀ kí n súre fún un, ó tẹrí síwájú mi gẹ́lẹ́ bí ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí. Ọwọ́ mi kọ̀, kò gbé. Ó rò pé ó ti rẹ̀ mí.

Rangnath ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ọmọ ẹni kò ní burú títí kí a fi í fún ẹkùn jẹ. Mo ní kó kọ èyí tí mo sọ. N kò fi í fún ẹkùn. Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìbúra tí òun fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún. Bí ó bá wá kí oṣù Kẹta tó dé, tó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀ lára mi, òótọ́ ni n óò sọ fún àwọn àjèjì náà. Bí kò bá wá, òótọ́ náà ni n óò sọ, pé ó dá mi dúró lágbedeméjì.

Bí ó bá pè ọ́, gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí o sì bá a rẹ́rìn-ín bí ó bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n má sọ fún un nípa abọ́. Oníṣègùn ni. Kó rántí aláìsàn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé omi atalẹ̀ dára fún ikọ́ rẹ̀. Fi ọwọ́ pa ọmọ-ọmọ rẹ lórí fún mi. Rangnath kí ọ. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ báyìí, jẹ́ kí n dìde lọ fọ abọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí o mọ ìwà rẹ̀,
Dhondiba.
(Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí.)