Àwọn Àkámọ́ Tí Mo Gé Kúrò

Grande-Coulée, àríwá Maine,
nínú oṣù Kejìlá.

Zélie, ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tí mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ lo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ooru àti òtútù ilé tí a ń kó ọ̀dùnkún wa pamọ́ sí, nígbà tí o ṣì ń lọ sílé ìwé. Èmi ni mo ní kí o pa orúkọ rẹ rẹ́ lókè rẹ̀, kí o kọ ti Romuald síbẹ̀, nítorí pé Romuald ni mo fẹ́ kó jogún oko, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún un. Mo dúró nínú gbọ̀ngàn ìjọ níwájú gbogbo àgbẹ̀, mo ní ẹ wá wo ohun tí ọmọkùnrin mi ṣe, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì rán an lọ sí yunifásítì lórí rẹ̀. Ìwọ lò ń bu ọbẹ̀ fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà. O gbọ́ gbogbo rẹ̀, o kàn gbé ìkòkò padà sí kíṣìnì. Mo rí ẹ̀yìn rẹ bí o ṣe ń lọ, mi ò sì tíì rí ojú rẹ dáadáa láti ìgbà náà.

Ó wá kù kí n kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Boston? Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín, kí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ máa ń wọ̀ níbẹ̀ máa gbé ọ jáde láyọ̀ bó ṣe ń gbé ọ wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ fún ọ pé obìnrin tó ń bá ọ gbé tẹlifóònù yẹn kò ní ọ̀yàyà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, òun ló ń gbé e, á ní o kò sí nítòsí, kí n sọ ohun tí mo bá ní í sọ. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó kàn lu agogo kékeré kan, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí mo ṣẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra lọ pè ọ́ wá, mo dúró, mo ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, nígbà tó yá mo sunkún sí i létí díẹ̀. Bí kò bá jíṣẹ́ fún ọ, má bá a jà, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálàmù.

Níhìn-ín, wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún Clovis aládùúgbò wa, ó ní tuntun náà sàn ju èyí tí Ọlọ́run fún òun lọ, Fáda sì ti bá a wí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ṣì ń dín ploye mi, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, láràárọ̀, mo ń fi bọ́tà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í jẹ ẹ́ tán mọ́. Ìkórè ọdún yìí dára gan-an, ohun tó sì ń pa mí lẹ́kún jù nìyẹn. Ọ̀dùnkún tiwa, ti Clovis, àti ti Alma tí ọkọ rẹ̀ kú, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ilé yẹn, ó kún dé àjà. Ó sì ti ń jẹrà.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òtútù kọ́kọ́ dé, fáànù apá ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ilé ń móoru, ọ̀dùnkún ń làágùn. Mo ránṣẹ́ pe Romuald láti Bangor, níbi tó ti ń ta alùpùpù orí yìnyín, nítorí lójú gbogbo ayé òun ló ni iṣẹ́ náà. Ó dé, ó dúró síwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Clovis àti Alma lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó wá yíjú sí mi, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tún tì mí ju báyìí lọ, mi ò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ pé èmi ni, ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì fẹ́ lọ sí yunifásítì. Clovis ní háà! gbogbo bíà tí mo ti rà fún ọmọ yìí lórí iṣẹ́ tí kò ṣe! Alma kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní Tíṣà, ta ló wá ṣe é?

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dárúkọ rẹ, Zélie. Ẹnu mi ṣí, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ẹ fi í sílẹ̀, màá tún un ṣe fúnra mi.

O mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ gbogbo àfonífojì yìí ní Látìn àti gírámà. Nígbà tí Darlene, ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀, sọ fún mi pé ọ̀kan nínú ìdílé èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Lisp ni wọ́n fi kọ ọ́, mo bi í pé ará ìlú wo ló ń sọ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ó dọ́gba pẹ̀lú Látìn nìyẹn, èmi ni mo ni ín.

Mo jókòó tì í. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àkámọ́, àmì ( àti ) wọ̀nyí, ó kún ibẹ̀ bámúbámú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀ bí iná Kérésìmesì, mo sì rò pé o ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún ni. Níparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àkámọ́ ìpadé ló tò wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń to àmì ìyanu sílẹ̀ nígbà tí inú wọn bá dùn jù. Mo ní àìsàn ètò yìí rèé, ọwọ́ ọmọdé ló kọ ọ́, ẹyọ kan tó. Mo tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́. Àkámọ́ kò pa rẹ́. Igi tínrín tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà yẹn kàn fò ó kọjá, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àkámọ́ wà níbẹ̀ digbí. Bí mo bá ṣí ọ̀kan tuntun, kí n tó mí, ìkejì rẹ̀ á ti yọ jáde láti pa á dé. Mo gbìyànjú títí ọwọ́ mi fi dùn mí. Mo wá gbà pé ìwọ lo fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ dè mí. Mo pariwo nínú ilé yẹn pé Zélie, fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Ǹ bá ti mọ̀ pé ìwọ lo di ọwọ́ mi mú nígbà náà, kí n má baà ba nǹkan jẹ́.

N kò fi í sílẹ̀ o. Mo rántí irinṣẹ́ kékeré inú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ ìkéde ìjọ, tí kò mọ àwọ̀, tí kò mọ àkámọ́, ohun tí èèyàn bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Mo fi ìyẹn ṣí ètò rẹ, mo sì gé gbogbo àkámọ́ àṣejù náà kúrò, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níparí gbólóhùn bí ọmọlúàbí. Ó mọ́, ó gún, kò sí olùkọ́ tí kò ní fún un ní máàkì tó pé. Kò sì sí ohun tó bàjẹ́! Fáànù yòókù ń yí lọ. Mo fọ́nnu fún Clovis.

Darlene ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ ti wà nínú ikùn ẹ̀rọ tipẹ́, kò wo ìwé mọ́, èèyàn lè ba ìwé jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un tàn. Ọjọ́ náà dé. Afẹ́fẹ́ wó igi lu wáyà, iná lọ. Nígbà tí iná padà, ẹ̀rọ jí, ó lọ ka ìwé tí mo mú gún régé, ó sì kọ èsì síta pé òun ti dé òpin ìwé, ohun tí wọ́n ṣí kò sì tíì padé. Zélie, mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, kò sí èyí tó bá mi wí tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo fáànù dúró. Clovis wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ pẹ̀lú orúnkún tuntun rẹ̀, ó sì fa bẹ́líìtì fáànù ìsàlẹ̀ jáde, ó ti já tán. Ó ní Tíṣà, eku ló jẹ ẹ́! Eku! Kò sóhun tó ṣe iṣẹ́ ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ìmọ̀ ìwé rẹ, Tíṣà, débẹ̀.

Mo bẹ Darlene pé kó wá bá mi bẹ ẹ̀rọ. Ó ṣí fèrèsé kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà, ó ní ibí ni wọ́n ti ń bá èdè náà sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ ó tẹ nǹkan, á kà á, á fèsì, á tún dúró dè yín. Ó jáde lọ pe àwọn èèyàn lórí fóònù bóyá ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ló kù. Mo tẹ orúkọ rẹ. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ta ló pa á rẹ́, kì í ṣe èmi ni? Mo tẹ Romuald, ó ní òun kò mọ ìyẹn náà, ó kéré tán kì í ṣe òpùrọ́ bíi tèmi. Nígbà tí Darlene yọjú, ó ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, á gbà á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Zélie, dárí jì mí. Ó kà á, ó sì dá a padà fún mi, Zélie, dárí jì mí, pẹ̀lú àmì àyọlò rẹ̀. Mo kọ èyí tó gùn, mo ṣàlàyé ara mi, mo bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Mo sọ fún Darlene pé ọmọ mi ti kọ̀ mí. Ó ní rárá, Bàbá, kò kọ̀ yín. Kò sí iṣẹ́ kankan nínú ohun tí ẹ kọ ni. Ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́ nínú, bí wọ́n ṣe fún un náà ló máa ń dá a padà.

Ọmọ tí n kò kọ́ ní nǹkan kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. N kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde nínú gbọ̀ngàn kan náà, mo sọ fún wọn pé Zélie ni, kì í ṣe Romuald, èmi ni mo purọ́, àti pé ìgbéraga mi ló ń pa ọ̀dùnkún wọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Clovis kò wò mí. Alma ní ẹ jókòó, Tíṣà, ọbẹ̀ yín ń tutù. Romuald wà níta, ó ń mu sìgá nínú yìnyín, mo sì mọ̀ pé mo ba ayé òun náà jẹ́, torí ẹni tí wọ́n fi ògo ológo wọ̀ kì í rí tirẹ̀ wá mọ́.

À ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa nínú ilé ọ̀dùnkún báyìí, a ń fi hítà mú un móoru kó má baà dì, a ń fi ọwọ́ ṣí fèrèsé òrùlé, ṣùgbọ́n a kì í mọ ìgbà tó yẹ bí ètò rẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀dùnkún inú àkà tó wà ní ìpẹ̀kun ti rọ̀, òórùn rẹ̀ ti wọ aṣọ mi. Darlene ní bí o bá ní ẹ̀dà ètò yẹn lọ́dọ̀ rẹ, a ṣì lè rí díẹ̀ gbà kí òtútù ńlá tó dé. Bí o kò bá ní in, tàbí o ní in tí ọkàn rẹ kò sì gbà á, n kò ní bi ọ́ ní ìdí. Bàbá a máa tọrọ owó nínú lẹ́tà, èmi náà á tọrọ: fi owó kẹrosíìnì díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe sí mi, sí Alma ni, nítorí òun ni kò ní ohun mìíràn tó máa tà. Kí Ọlọ́run má ṣe gbà lọ́wọ́ rẹ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Kí ó fún ọ ní ọmọ tí kò ní bẹ̀rù rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ máa jẹ́ orúkọ rẹ, níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń kà á.

Ó ku ọ̀kan. Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, ojú ọ̀nà lo wà. O dé, o bi mí bóyá ó sọ nǹkan kan, mo ní rárá, ó sùn lọ ni. Kò sùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Lévite, mo mọ̀ pé Zélie ló kọ ọ́, èmi ni mo ń gbé tíì lọ bá a nísàlẹ̀. Ó ní bàbá òun ló kọ́ ilé ọ̀dùnkún yẹn, kì í ṣe èmi, Zélie ni òun fún. Ó ní sọ fún un pé mo rí i, kó má rò pé ẹnikẹ́ni kò rí i. Mo mi orí fún un, ó kú, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọ̀rọ̀ tó fi rán mi sí ọ nìyẹn, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an. Lọ́yà ti kọ ilé náà sí orúkọ rẹ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, òun nìkan ló wà, n kò gbẹ́ òmíràn pa mọ́.

Bàbá rẹ,
Lévite Corriveau